Aránbàtà Tó So Ọmọ Mọ́ Àyà

Bí ènìyàn bá ń kọjá lójú pópó náà, tó sì yọjú sí ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, ohun mẹ́ta ni yóò rí: òkìtì bàtà tí kò sí ẹsẹ̀ nínú wọn, ọkùnrin kan tó fi eyín di òwú mú, àti orí kékeré kan tó yọ jáde láàárín bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkùnrin náà. Orí kékeré yìí kì í ṣe ti ọkùnrin náà o, tirẹ̀ wà lókè níbi tí Ọlọ́run fi í sí, ó pá, ó ń dán. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i sáré padà lọ pe ẹlòmíràn wá wò ó. Obìnrin kan wò ó títí ó fi já sínú gọ́tà, kò sì dẹ́kun wíwò, inú gọ́tà níbẹ̀ ló ti ń wò ó lọ.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọkùnrin yìí ti ń rán bàtà. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n orí kunkun rẹ̀ ló gbajúmọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bàtà tí gbogbo aránbàtà yòókù bá ní kí wọ́n lọ jù nù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Yóò yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, yóò ní, "Ta ló sọ pé ó ti kú?" Bàtà ọlọ́pàá kan wà tó tún ṣe nígbà kan. Ọlọ́pàá náà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, bàtà kọ̀, kò fẹ̀yìn tì.

Ó ti lé lógójì ọdún kó tó gbéyàwó. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ìyàwó náà ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi ń pè é ní Olóǹtẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi retí ọmọ. Nígbà tí ọmọ yóò sì wá, kò ní sùúrù rárá: ó fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbé e jáde. Obìnrin ni. Kílò méjì lé igba gíráàmù ló wọ̀n. Aránbàtà gbà á, ó wo ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo bàtà oníbàárà, ó ní, "Èyí kò mà ju ìṣó lọ." Nígbà tó rí i pé ojú ìyá ọmọ fẹ́ yí padà, ó tètè fi kún un pé, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ìṣó ni kì í jẹ́ kí bàtà tú?" Bí ọmọ ṣe di Ìṣó nìyẹn.

Ibà mú ìyá ọmọ nítorí ojú iṣẹ́ abẹ, kò lè gbé ọmọ pẹ́ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, tí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, wá bá bàbá níbi tó jókòó sí.

"Bàbá Ìṣó, ẹ bọ́ ẹ̀wù."

"Ẹ̀wù ta ni?"

"Tiyín náà ni. Àbí góòlù lẹ fi pamọ́ síbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà lé àyà rẹ̀ níhòòhò, àfi ìlédìí tó wà nídìí rẹ̀ àti fìlà orí rẹ̀, ó fi aṣọ gbá àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ní ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń mú ara gbóná, ooru ara àgbà ni kó máa yá lò. Ó ní ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, ní wákàtí méjì-méjì, bó ń sùn, bí kò sùn. Ohun mìíràn kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu.

Ká má purọ́, ìfẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa awọ màlúù ya kò mọ bí wọ́n ṣe ń mí nígbà tí nǹkan tí kò wúwo tó bàtà méjì bá sùn lé ènìyàn láyà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọkàn ọmọ tó ń lù lórí tirẹ̀, kíá-kíá, bí òòlù ẹni tó fẹ́ tètè parí iṣẹ́ kó máa lọ sílé. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi kú tipiri. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà wá gba ọmọ, aránbàtà ní, "Ẹ jẹ́ kó parí oorun rẹ̀." Ọmọ ti jí tipẹ́, ó ń wò ó lójú.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, ẹ̀gbọ́n aránbàtà lóbìnrin ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àpò méjì. Màmá Kíṣìnì ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí òun ni olórí àwọn tó ń se oúnjẹ ní ilé ìwé kan. Irinwó ọmọ ló ń bọ́ lójúmọ́, bó bá sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo irinwó á dákẹ́. Ó gba ọmọ, ó ní kí àbúrò òun padà sídìí bàtà rẹ̀, òun bí mẹ́fà, òun tọ́ mẹ́fà. Yàrá wọn kò ju ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, nítorí náà aránbàtà gbà. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ dé ọwọ́ ni ọmọ ń lọ. Màmá Kíṣìnì a gbé e, Ìyá Onílé tó ń gbé lókè a sọ̀ kalẹ̀ wá gbé e. Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn náà a bá wọn gbé e, bí aránbàtà bá fẹ́ yà sẹ́yìn ilé lọ tura. Àwọn alágbàtọ́ pọ̀, inú gbogbo wọn sì dùn.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, wọ́n gbé Ìṣó lọ fún wíwọ̀n. Nọ́ọ̀sì wo òṣùwọ̀n. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wò.

"Kílò méjì lé àádọ́ta gíráàmù. Ọmọ yìí ń rìn sẹ́yìn."

Aránbàtà gbé ọmọ kúrò lórí òṣùwọ̀n.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni kí ẹ gbé e padà wá," nọ́ọ̀sì wí. "Bí kò bá tíì padà sí iye tó wọ̀n nígbà tí a bí i, a ó dá a dúró síbí." Ó fi ẹnu júwe yàrá tó wà níwájú wọn, níbi tí àpótí onígíláàsì tò sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú, rọ́bà nímú.

"Ọmọ tèmi kò ní wọ àpótí," ni aránbàtà wí. "Bàtà ni wọ́n ń kó sí páálí."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, bàbá. Kí ló ń jẹ?"

"Ọmú."

"Kí ló tún ń jẹ?"

Aránbàtà wo ilẹ̀. Ó wo òrùlé. "Ooru mú lọ́jọ́ Ajé. Mo fún un lómi. Ṣíbí kan péré."

Nọ́ọ̀sì kò jágbe mọ́ ọn, èyí tí ì bá sì sàn jù. Ó na ọwọ́ ọmọ náà sókè, ó fi ìkúùkù rẹ̀ hàn án. "Bí ikùn rẹ̀ ṣe tóbi mọ nìyí. Bí omi bá ti gba ilé, níbo ni ọmú yóò sùn? Omi kì í sanra, bàbá."

Ṣíbí kan ṣoṣo kò lè gbé ọmọ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, aránbàtà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe délé, ó pe gbogbo wọn jọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀ bí adájọ́.

"Ta ló ń fún ọmọ mi lómi?"

Màmá Kíṣìnì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Tó bá ṣe èmi ni, ṣíbí kan péré ni, láàárọ̀, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè là. Àwọn mẹ́fà tí mo bí ńkọ́? Omi kò pa wọ́n."

Ìyá Onílé fi etí aṣọ nu ẹnu. "Èmi náà, ṣíbí kan ni. Nígbà tí mo bá wá kí ìyá rẹ̀. Òsúkè ń ṣe é, àánú ṣe mí."

Gbogbo ojú yí sí onígbàjámọ̀. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ìwọ lo gbé e fún mi pé o fẹ́ lọ sẹ́yìn ilé. Ó ń la ẹnu bí ẹja. Mo fún un ní ṣíbí kan."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lo máa ń lọ sẹ́yìn ilé lójúmọ́?"

Olóǹtẹ̀, tó wà lórí ìbùsùn nínú yàrá, rẹ́rìn-ín débi pé ojú ọgbẹ́ dùn ún. Ṣùgbọ́n aránbàtà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi òun náà kún un, wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni àánú ọmọ ń ṣe, olúkúlùkù ń wo ẹ̀yìn kó tó gbé ṣíbí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ náà sílẹ̀, ní ṣíbí kan, ní ṣíbí kan.

Ó dìde. Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e lé àyà, ó fi aṣọ gbá a mọ́ra.

"Láti ìsinsìnyí lọ, ibi méjì ni ọmọ yìí ń gbé: inú ẹ̀wù mi àti ìdí ọmú ìyá rẹ̀. Kò sí ilé kẹta. Ẹni tí àánú omi bá ń ṣe, kó bu ún wá fún èmi. Ẹnu mi nìyí, mo là á."

Màmá Kíṣìnì dìde. "Ìwọ? Ọkùnrin? O fẹ́ so ọmọ mọ́ àyà rán bàtà lójú títì, kí wọ́n máa fi ilé wa ṣẹ̀sín? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbé e fún mi, kí n gbé e lọ sílé mi fún ọjọ́ méje. Bí mo bá gbé e padà, nọ́ọ̀sì kò ní dá a mọ̀."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

"O ti gbọ́ ohun tí mo wí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí, ẹ̀yin lẹ nu imú mi. Ó tì."

"Èmi lò ń sọ 'ó tì' fún?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ó tì, mà."

Màmá Kíṣìnì wúkọ́, irú ikọ́ tó ń pa irinwó ọmọ lẹ́nu mọ́. Aránbàtà gbé bàtà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

Ọjọ́ méje náà gùn bí ọ̀nà oko àna. Nígbà tí aránbàtà kọ́kọ́ ṣí agolo gọ́ọ̀mù, Ìṣó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dé agolo náà, ó gbé e fún onígbàjámọ̀ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀ síbi tó jìnnà. Ó kó àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n má bàa kan ọmọ. Aránbàtà tí kò lo gọ́ọ̀mù, tí kò lo ọ̀bẹ, òwú àti òòlù nìkan ló kù fún un. Bàtà tó ń parí kí omi tó hó lórí iná tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan. Ẹnu àwọn oníbàárà kò sì gbófo.

"Bàbá Ọlọ́mú, bàtà mi ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀. Ẹni tó ń rán an ń tọ́mọ lọ́wọ́."

"Ṣé kò sí obìnrin nílé yìí ni?"

"Obìnrin méjì ló wà ńlé, ọ̀kan nìyí nínú ẹ̀wù mi. Kí i dáadáa."

Ọkùnrin kan tó so táì dé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní òun ní ìpàdé ní agogo mẹ́wàá. Aránbàtà ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀, pé nínú gbogbo àwọn tó bá wá sí ìpàdé, òun nìkan ni wọn yóò rántí. Ọkùnrin náà bínú lọ. Wọ́n ní wọ́n rántí rẹ̀ lóòótọ́.

Ìṣó fẹ́ràn ìró òòlù. Bí ó bá ti ń dún, yóò sùn. Bó bá dákẹ́, yóò ṣí ojú kan, bí ọ̀gá tó fẹ́ mọ ìdí tí iṣẹ́ fi dúró. Nítorí náà, nígbà tí kò sí ìṣó láti kàn, aránbàtà á máa lu pákó lásán. Ó ń kọ́ èdè ọmọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń fi ẹnu wá kiri lórí àyà rẹ̀, ebi ti ń yọjú. Bó bá ti gbé ìkúùkù sẹ́nu, ebi ti wọlé. Kò jẹ́ kó débi ẹkún rí: ó ti dìde, ó ti wọ yàrá lọ, ó ti gbé e fún Olóǹtẹ̀. Bí ó bá sì sùn kọjá àkókò, onígbàjámọ̀, tó ní aago lára ògiri, tí ọkàn rẹ̀ sì ń dá a lẹ́bi, á kígbe sí aránbàtà láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀: "Alága! Wákàtí méjì pé o!" Ọkùnrin kan tó ń gẹrun níbẹ̀ ta gìrì sí igbe náà. Títí di òní, ìlà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ tí irun kò hù sí.

Ní ti Màmá Kíṣìnì, ṣé ẹ rò pé ó lọ sílé lọ bínú? Irọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì ó dé pẹ̀lú ìkòkò kan tí ènìyàn lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gba iwájú aránbàtà kọjá láìkí i, ó wọ yàrá tọ Olóǹtẹ̀ lọ.

"Wọ́n ní ọmú nìkan ni ọmọ ń jẹ," ó wí, ó gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́. "Ó dáa. Ṣé ọmú náà kò gbọdọ̀ jẹun ni? Jókòó dáadáa, ìyàwó mi. La ẹnu."

Láàárọ̀ ó sè, lọ́sàn-án ó sè, nírọ̀lẹ́ ó tún gbé òmíràn dé. Ó ń fún Olóǹtẹ̀ lómi pẹ̀lú, ife lórí ife, ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò ní kí ìyá má mu omi." Ibà Olóǹtẹ̀ lọ. Ó jókòó. Lọ́jọ́ kẹta ó dúró. Lọ́jọ́ kẹrin ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń kọrin bàtà sínú ẹ̀wù ara rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

Ọjọ́bọ̀ dé. Aránbàtà kò fi nǹkan kan sẹ́nu láti àárọ̀. Ó ti bọ́ síta kí ó tó rí i pé Olóǹtẹ̀ ti wọ bàtà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Níbi tí ẹ ń gbé ọmọ mi lọ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, Màmá Kíṣìnì níwájú bí ọkọ̀ tó ń la ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tẹ́ aṣọ tín-ín-rín kan sórí òṣùwọ̀n, ó ní, "Ẹ gbé e wá." Aránbàtà na ọwọ́. Màmá Kíṣìnì na ọwọ́. Ọwọ́ méjèèjì pàdé lórí ọmọ.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò."

Olóǹtẹ̀ ni. Kò pariwo, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò bá fẹ́ tò lórí ìlà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ṣe sọ ọ́.

"Ọjọ́ méje lẹ fi ń fa ọmọ yìí mọ́ ara yín lọ́wọ́, bí ẹni pé èmi kò ju àga tí ẹ ń gbé e lé. Ẹ ṣeun o. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bọ́ mi yó. Bàbá Ìṣó, ẹ ṣe ohun tí ọkùnrin kan kò ṣe rí lójú pópó yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń fún un lọ́mú? Ara ta ni wọ́n là kó tó jáde? N kò tíì gbé ọmọ mi lórí ìdúró rí. Òní ni màá gbé e."

Ó tú bọ́tìnnì ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yọ ọmọ jáde, ó tú u sílẹ̀ ní ìhòòhò, ó tẹ́ ẹ sórí òṣùwọ̀n. Kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ìṣó na apá, ó figbe ta. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀. Aránbàtà di ojú. Ọkùnrin tí kò gbà pé bàtà kan ti kú rí, kò lè wo abẹ́rẹ́.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lára òṣùwọ̀n, màmá," ni nọ́ọ̀sì wí fún Màmá Kíṣìnì.

"Ẹsẹ̀ mi kò sí níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, mà."

Ẹsẹ̀ kúrò. Abẹ́rẹ́ dúró. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ mọ́ ọn, gíláàsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òṣùwọ̀n.

"Kílò méjì," ó wí, "lé igba," ó tún wí, ó mí sínú, "àti ọgbọ̀n. Ẹ máa gbé e lọ sílé."

Màmá Kíṣìnì ní òṣùwọ̀n yẹn kò dára, pé pẹ̀lú gbogbo ohun tí òun sè, ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí aránbàtà la ojú, ó ya ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró kí wọ́n gbé ọmọ padà wá. Olóǹtẹ̀ ti gbé e sínú ẹ̀wù tirẹ̀. Ó ti so aṣọ. Ó ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Olóǹtẹ̀, gbé e wá. Ó ti mọ́ ọn lára."

"Yóò mọ́ ọn lára lọ́dọ̀ mi náà."

"Ojú ọgbẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Kò sí lára yín. Ẹ ní bàtà púpọ̀ nílẹ̀."

Aránbàtà ṣì ya ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá yóò gbèjà òun. Màmá Kíṣìnì ń ka pátákó ara ògiri, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Wọ́n bọ́ síta. Aránbàtà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn ń fẹ́ ibi tí orí kékeré náà wà tẹ́lẹ̀. Bí ó ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ tún fìlà ọmọ ṣe ló ń wo bóyá ó ń mí dáadáa.

"Agogo mẹ́rin," ó wí nígbẹ̀yìn. "Láti agogo mẹ́rin lọ, tèmi ni."

"Márùn-ún."

"Mẹ́rin ààbọ̀. Òòlù ló fi ń sùn, ìwọ kò ní òòlù."

"Màá ra òòlù."

Wọ́n dé àárín títì. Ọkọ̀ kan dúró kí wọ́n lè kọjá, wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n ń bá iyàn náà lọ. Awakọ̀ kò tẹ fèrè. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó yọ orí síta, kó lè gbọ́ ibi tí wọ́n máa parí rẹ̀ sí.